Èsì: Ṣé Hakluyt fúnra rẹ̀ ló lọ sí Ìbìní?

Rárá o, ọ̀rẹ́ mi. Paris ni ìrìn Richard Hakluyt mọ. Àlùfáà ikọ̀ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ níbẹ̀, láti 1583 sí 1588. Ìròyìn àwọn atukọ̀ ló ń kó jọ, òun ló fi ṣe ìwé rẹ̀, The Principal Navigations.

Ẹ̀dà 1589 ìwé náà lo ṣí, ìdí nìyẹn tó ò fi rí ìrìn James Welsh, ọ̀gá atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí Ìbìní: ìparí ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà délé. Mú ẹ̀dà kejì, ìdìpọ̀ kejì, ti 1599. Nọ́ńbà ojú ìwé tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 ní abala kejì rẹ̀, ibẹ̀ ni Ìbìní wà. Bó bá jẹ́ àtúntẹ̀ ìgbà wa lo ní, àkọlé ni kó o tẹ̀ lé.

Wo ẹrù tí ọkọ̀ Welsh kó dé láti ìrìn kejì rẹ̀, ti 1590 sí 1591, dáadáa: àpò ata 589, eyín erin 150, àgbá epo pupa 32. Ó wú mi lórí gan-an pé Hakluyt tẹ gbogbo iye wọ̀nyí jáde.