Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ta la ó bá jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ wa ló para pọ̀ sanwó ìrìn-àjò ọkọ̀ òkun oṣù mẹ́ta fún èmi àti bàbá wọn. Èbúté tí ọkọ̀ náà máa yà lé ní ọgbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń fi ìwé ránṣẹ́ pé ká tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ìgbafẹ́ orí ilẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀sì àti amọ̀nà tó máa mú èrò lọ wo ìlú, fún èbúté kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro iye rẹ̀ pọ̀, àyà mi já. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká má dá wọn lóhùn, pé táksí ò wọ́n ní èbúté kankan. Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n gbà fún un: bí ọkọ̀ bá fi wá sílẹ̀ ńkọ́? Orúnkún sì ń yọ bàbá wọn lẹ́nu, kò lè rìn jìnnà. Èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, mà. Àwọn ọmọ yẹn náà á jèrè ọmọ tiwọn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìgbafẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti tà á fún ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an, mo sì ti tà á fún ẹni tí ì bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má rà á fún gbogbo èbúté, ẹ má sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹ mú èbúté kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ béèrè bí ibi tí ẹ fẹ́ rí ṣe jìnnà sí ọkọ̀ tó.

Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìrìn-àjò máa ń tan èèyàn. Wọ́n á kọ “Róòmù”, bẹ́ẹ̀ òkun ò dé Róòmù. Civitavecchia ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ sí Róòmù sì tó nǹkan bí kìlómítà 80. Wọ́n á kọ “Párísì”, Le Havre ni wọ́n máa já yín sí, ó ṣì ku nǹkan bí kìlómítà 200 kí ẹ tó fojú kan Párísì. Ní Íjíbítì, ẹni tó bá ti èbúté Safaga lọ wo ibojì àwọn Fáráò ní Luxor máa lo ju wákàtí mẹ́ta lọ lójú títì kó tó débẹ̀, àbọ̀ náà á tún gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á kọ́kọ́ wọlé wá yẹ ìwé wò, ó sì lè di aago mẹ́jọ kí wọ́n tó ní kí èrò máa bọ́ sílẹ̀. Ká ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa ṣí, wọ́n á fẹ́ kí gbogbo èrò ti wọlé ní aago márùn-ún ààbọ̀. Wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ lẹ ní. Bí àlọ àti àbọ̀ bá jẹ wákàtí méje nínú rẹ̀, méjì ààbọ̀ ló kù fún ibojì, fún oúnjẹ, fún ilé ìtura àti fún ẹni tó lọ ra nǹkan tí kò tètè dé. Bí táyà bá wá fọ́ lọ́nà? Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ra ti ọkọ̀, kí ẹ má sì fi owó rẹ̀ dun ara yín.

Nítorí ohun tí ẹ ń sanwó fún níbẹ̀ ju bọ́ọ̀sì àti amọ̀nà lọ. Bí bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò bá pẹ́, ọkọ̀ máa ń dúró dè é. Bí kò bá lè dúró mọ́, ilé-iṣẹ́ náà ló máa ń náwó gbé èrò lọ bá a ní èbúté tó kàn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín, kí ẹ kà á pẹ̀lú ojú ara yín. Ẹni tó bá dá lọ, tó bá pẹ́, òun ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀, òun ló sì máa wá ibi tó máa sùn.

Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ lọ́jọ́ tí tọkọtaya kan kò tíì dé. Wọ́n ti pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ lọ ṣí àpótí onírin tó wà nínú yàrá wọn, ó kó pásípọ́ọ̀tù méjèèjì jáde, ó gbé e fún aṣojú ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ní èbúté. Bí ẹ bá ti rí i tí wọ́n ń kó pásípọ́ọ̀tù èrò sọ̀ kalẹ̀, wọn ò retí onítọ̀hún mọ́ nìyẹn. Wọ́n fa àtẹ̀gùn wọlé, wọ́n tú okùn. Ìgbà yẹn la rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán: ìyàwó bọ́ bàtà sọ́wọ́ ó ń sáré, ọkọ rẹ̀ ń ju fìlà. Omi tó là wá láàárín kò tíì fẹ̀ ju ìbú ẹnu ọ̀nà kan lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì lè ṣe nǹkan kan, torí owó ń gorí owó ní gbogbo ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ bá fi pẹ́ ní èbúté, ọkọ̀ mìíràn sì lè máa dúró de àyè náà. Ojú obìnrin yẹn ṣì ń wá sọ́kàn mi.

Ẹ má sì rò pé ó ti di ìtàn àtijọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ọkọ̀ kan fi èrò mẹ́jọ sílẹ̀ ní erékùṣù São Tomé nítorí pé ìgbafẹ́ tí àwọn èrò náà fúnra wọn ṣètò pẹ́. Wọ́n sáré lọ dè é ní Gáḿbíà, ọkọ̀ ò rí èbúté ibẹ̀ wọ̀. Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti padà bá a.

Ibi tí ẹ ti lè fi owó yín sápò pọ̀ ju ibi tí ẹ ó ti ná an lọ. Ní Valletta, ní orílẹ̀-èdè Malta, abẹ́ odi ìlú ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ ó rìn díẹ̀ létí omi, ẹ ó wọ ẹ̀rọ agbéniròkè tó ga ní mítà 58, ẹ ó sì bọ́ sínú ọgbà kan tó wà lókè pátápátá, tí ẹ ó ti máa wo gbogbo èbúté nísàlẹ̀. Orúnkún bàbá ò ní í mọ̀ ọ́n lára. Ní Bridgetown, Barbados, ìlú ò jìnnà sí èbúté. Ní Singapore, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ máa gbé yín káàkiri láìsí wàhálà. Bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ ń tà níbẹ̀ á kó ogójì èèyàn jọ, wọ́n á sì máa ka èèyàn níbi gbogbo tí wọ́n bá ti dúró. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Bí ẹ bá máa wọ táksí, kí ẹ tó jókòó ni kí ẹ ti dúnàádúrà iye owó rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá iye tó pè jẹ́ ti èèyàn kan tàbí ti ọkọ̀ lódindi, àti pé dọ́là wo ni. Ní àwọn erékùṣù Karíbíà bíi St Lucia, Antigua àti Grenada, dọ́là tiwọn wà tó yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà: dọ́là Amẹ́ríkà kan jẹ́ 2.70 nínú tiwọn. Ẹ má sanwó tán àfi tí ẹ bá padà dé èbúté. Kí ẹ sì fi wákàtí méjì ṣáájú aago ìwọlé sí àdéhùn yín pẹ̀lú awakọ̀, ẹ má ṣe fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.

Ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Gbogbo èbúté kọ́ ni ọkọ̀ ti ń fara kan ilẹ̀. Níbi tí omi ò bá jìn tó tàbí tí kò sí àyè, ọkọ̀ á ju ìdákọ̀ró sójú omi, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀tì kékeré máa kó èrò lọ sétí ilẹ̀. Ẹ wá irú rẹ̀ nínú ìwé yín, ẹ fi àmì sí i. Bọ́ọ̀tì yẹn á máa ròkè á máa rodò pẹ̀lú ìgbì, ọkọ̀ ńlá ò sì ní í mira. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì á di bàbá mú ní apá ọ̀tún àti òsì, wọ́n á sọ pé “dúró, dúró, ó yá!”, ìgbà tí wọ́n sọ “ó yá” gan-an ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè ṣe é lọ́jọ́ tí omi bá rọlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìgbì bá ga, ẹ jókòó sínú ọkọ̀. Ní Santorini, erékùṣù kan ní Gíríìsì, ẹ̀yìn bọ́ọ̀tì ni òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: àtẹ̀gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600, tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tàbí ọkọ̀ orí wáyà tí èrò ń tò fún pẹ́. Ọkọ̀ orí wáyà ni tiyín, kí ẹ sì ti tò láti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di pé gbogbo ayé tò.

Ẹ ka àlàyé tó wà lábẹ́ ìgbafẹ́ kọ̀ọ̀kan ju àwòrán rẹ̀ lọ. Ní Petra, ìlú àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, tí wọ́n ń gba èbúté Aqaba lọ ní Jọ́dánì, pàlàpálá òkúta tí wọ́n ń gbà wọlé nìkan ju kìlómítà kan lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì ń lọ sísàlẹ̀. Àlọ ẹ̀ dùn. Mo ti rí bàbá kan tó jókòó sórí òkúta ní àbọ̀, tó di orúnkún méjèèjì mú, tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ń rí ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn wọlé níbẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ àìlera fún wọn. Ìdáhùn tí mo fún ẹni tó sọ fún mi yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí mo fún ẹni tó fi pamọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìgbafẹ́ ò lè ṣe iṣẹ́ físà. Bí pásípọ́ọ̀tù yín bá nílò físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ẹ gba èyí tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé léraléra. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan, tí ọkọ̀ kúrò ní Spéènì tó yà sí Mòrókò, tó wá ń padà lọ sí Ítálì, físà yẹn ti tán lọ́jọ́ tí ẹ jáde lọ Mòrókò. Ẹ mú yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, dání pẹ̀lú. Láti ọdún 2016, èyí tí wọ́n bá gún lẹ́ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni.

Aago náà ńkọ́? Ọkọ̀ yín á máa yí aago padà bó ṣe ń la òkun kọjá, aago ọkọ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ìlú tó gúnlẹ̀ sí. Fóònù á gba ti ìlú láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ ra aago ọwọ́ kan tí kò wọ́n, ẹ fi sí aago ọkọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án àfi tí ọ̀gákọ̀ bá kéde.

Àwọn èbúté kan wà tí ìgbì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ lè yà; Easter Island, erékùṣù kan tó dá wà láàárín Òkun Pàsífíìkì, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á dá owó ìgbafẹ́ tirẹ̀ padà. Aládàáni tó ń ta ìgbafẹ́ lè má dá a padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé òun á dá a padà, kí ẹ tó sanwó.

Oṣù mẹ́ta pẹ́, mà. Tí èbúté bá tẹ̀ léra fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ jókòó lórí ọkọ̀ tó dákẹ́, kí bàbá na ẹsẹ̀. Ẹ ṣírò èbúté yín báyìí: èyí tó bá ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ sí ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ra ti ọkọ̀, kí ẹ tètè rà á torí àwọn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ tán. Ìyókù, ẹ dúró kí ẹ wọkọ̀ ná. Nínú ọkọ̀, ẹ ó rí tọkọtaya mìíràn tí orúnkún ń dùn bíi tiyín, ẹ ó sì jọ gba táksí kan náà.