Ìdáhùn fún Àǹtí wa ní Manchester lórí ṣíìtì owó ilé ẹbí

Àǹtí wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ní ẹ̀ ń tún ilé bàbá yín kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé inú Google Sheets kan ni gbogbo ẹbí ń kọ owó sí, àti pé ẹ̀gbọ́n yín tó wà nílé ń yí iye tí ẹlòmíì kọ padà. Ẹ wá ń béèrè ohun tẹ́ ẹ lè ṣe tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò fi ní lè fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ná ẹbí tèmi lówó gidi, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí jù.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni tiwa. Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá wa fẹ́, ìdí-igi mẹ́rin la sì fi ń pín ohun gbogbo. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní kọ́lọ́ọ̀mù tiẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ló ń ṣe àròpọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí nílé. Ẹ ó san owó ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, òṣìṣẹ́ tó gbà á ò ní já rìsíìtì fún yín, nígbà tó bá yá á ní iye yẹn ò tó mọ́, ọ̀gá òun ti fi kún un. Ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni ò rí rí! Inú mi ṣì máa ń ru tí mo bá rántí. Torí pé kò sí rìsíìtì, ẹni tó wà nílé, ìyẹn Bọ̀dá wa, á wá máa bu díẹ̀ kúrò lára owó sìmẹ́ńtì nínú ṣíìtì kí ìṣirò lè bára mu. Àwọn ọmọ ìyá kejì rí i pé iye tí àwọn fi ránṣẹ́ láti Dublin ti dín, wọ́n ní wọ́n jí i. Lọ́dún Iléyá yẹn, a ò lè jọ lọ sí Ojúde Ọba.

A ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà bá wa ti ṣíìtì náà pa. Ó tì í, ọkàn wa balẹ̀. Kò pẹ́, nọ́ńbà tún yí.

Ohun tó fà á rèé. Ẹ lọ sí "Data", ẹ tẹ "Protect sheets and ranges", ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fẹ́ tì, ẹ tẹ "Set permissions". Ohun méjì ló máa gbé síwájú yín. Èkíní ni "Show a warning when editing this range", èkejì ni "Restrict who can edit this range". Èkíní ni ọmọ náà mú. Àǹtí mi, èkíní yẹn kì í ti nǹkan kan! Ìkìlọ̀ lásán ni. Á bi èèyàn bóyá ó ṣì fẹ́ yí i, onítọ̀hún á tẹ OK, ó parí. Èèyàn tiẹ̀ lè máàkì í kó má béèrè mọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Bọ̀dá wa ò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. OK ni wọ́n máa ń tẹ sí ohunkóhun tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mejì la san owó irin decking ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Restrict" ni kẹ́ ẹ mú o, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi "Only you" sí kọ́lọ́ọ̀mù àròpọ̀. Fún ti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ẹ mú "Custom", kẹ́ ẹ máàkì Gmail ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò lára àwọn tó kù. Kọ̀ǹpútà lẹ máa lò, kò sí i lórí fóònù. Gmail àwọn àgbà tún jẹ́ wàhálà lọ́tọ̀, torí ẹni tó ta fóònù fún wọn ló máa ń ṣí i, kò sẹ́ni tó mọ password. Bọ̀dá wa àti ọmọ wọn jọ ń lo ẹyọ kan ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé bá wọn ṣí tuntun.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló dá ṣíìtì náà sílẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè tì wọ́n mọ́ta. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí Gmail tiyín. Ẹ tún wo "Share": bí "Anyone with the link" bá wà níbẹ̀, ẹ yí i sí "Restricted". Ẹ rántí pé ẹni tẹ́ ẹ tì mọ́ta ṣì ń rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ má tíì bá ẹ̀gbọ́n yín jà. Ẹ lọ sí "File", ẹ ṣí "Version history": ẹ ó rí ẹni tó yí nǹkan, ọjọ́ tó yí i, àti iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí i pé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yẹn gbowó gan-an ni Bọ̀dá wa dín owó sìmẹ́ńtì. Wọn ò jalè. Gbogbo wa la bẹ̀ wọ́n. A wá ṣe kọ́lọ́ọ̀mù kan fún ìnáwó tí kò ní rìsíìtì, àwọn nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, àtìgbà náà ni ìjà ti rọlẹ̀. Ẹ ṣe irú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín.

Tẹ́ ẹ bá tì í tán, ẹ pè wọ́n lórí WhatsApp, kí wọ́n gbìyànjú láti yí nọ́ńbà kan nínú kọ́lọ́ọ̀mù yín. Bí Google bá kọ̀ fún wọn pátápátá, ó ti tì. Bó bá ní kí wọ́n tẹ OK kí wọ́n máa bá a lọ, ẹ padà sí "Set permissions".