Má fi iye inú ìwé ṣe eré ọta rẹ

Arákùnrin tó ní òun kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, tó wá ń béèrè bóyá kí òun kúkú mú iye eré tó wà nínú ìwé ìtọ́ni ọta kíkì fún ọta tí òun fọwọ́ ara òun kì, kí òun sì lọ máa yìn ín ní 800 mítà: má dán an wò. Mo ti ṣe é rí.

Kì í ṣe pé ìwé parọ́. Ìbọn tiwọn ni wọ́n fi dán an wò, ọ̀pá rẹ̀ a sì máa gùn tó ínṣì 24 tàbí 26. Ínṣì 20 ni ọ̀pá ìbọn .308 tèmi. Ínṣì kọ̀ọ̀kan tó bá dín lára ọ̀pá lè gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́wọ́ ọta. Gbèsè ti wọlé kí n tó ṣí agolo ẹ̀tù rárá.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo yìnbọn ní 600 mítà, mo wo ibi tí ọta bọ́ sí, mo sì ń dín eré kù nínú áàpù orí fóònù tó ń ṣírò bí ọta ṣe ń wálẹ̀, títí ìṣirò fi bá pátákó mu. Ó gbé ẹsẹ̀ bàtà 2,550 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún mi. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sára àpótí ọta. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ awò orí ìbọn. Ọta kan náà, ẹ̀tù kan náà, ní 900 mítà gbogbo rẹ̀ ń gba orí pátákó kọjá, ó tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀tù nù!

Awò àtijọ́ ló jẹ̀bi. Mo gbé e padà, mo gbé pátákó gígùn sí 100 mítà gééré, mo yìnbọn kan, mo yí awò sókè ní mil 10 (mil kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní 100 mítà), mo tún yìn. Ó yẹ kí mítà kan wà láàárín ihò méjèèjì. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: 96 sẹ̀ǹtímítà. Awò kò gbé ìbọn tó bó ṣe ń pariwo, èmi wá di ẹ̀bi náà ru eré ọta. Nígbà tí mo yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, eré tòótọ́ sún mọ́ 2,610.

Nítorí náà, awò ni kí o kọ́kọ́ dán wò. Lẹ́yìn náà ni kí o wá jìnnà, kí o fi ibi tí ọta bọ́ sí ṣírò eré. Ní 300 mítà, ìyàtọ̀ eré ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè mú ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ wá, àárín ihò ọta rẹ ni yóò sá pamọ́ sí. Lọ síbi tó jìnnà dáadáa, àmọ́ tí ọta ṣì ń sáré ju ìró lọ. Tó bá ti ń bọ́ sábẹ́ eré ìró, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é báṣubàṣu, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti eré nínú rẹ̀ mọ́. Yin tó ọta mẹ́wàá, àárín wọn ni kí o mú. Èmi máa ń rí àwọn tó ń fi ọta mẹ́ta búra, ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mí.

Bí o bá rí ẹ̀rọ yá, tó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ọ̀pá, má fi ọjọ́ yẹn tún ojú ìbọn ṣe. Ìwúwo rẹ̀ lè sún ibi tí ọta ń bọ́ sí. Kí o sì kọ bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí o bá rí, torí ẹ̀tù tó gbóná máa ń ti ọta ju èyí tó tutù lọ.