Ara ọmọ mi ò gba ẹja, ìyá ọkọ mi ní àsọdùn ni

Ìbéèrè: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin òbí wa. Manchester ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 3. Lọ́jọ́ tó jẹ títúùsì nínú ọbẹ̀ ata, ètè rẹ̀ wú, gbogbo ara rẹ̀ lé, ó sì bì. Gbogbo wa la jọ jẹ ọbẹ̀ yẹn, kò ṣe àwa tó kù ní nǹkan kan. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó má fẹnu kan ẹja kankan mọ́, wọ́n sì fún wa ní abẹ́rẹ́ adrenaline 2 fún ìgbà pàjáwìrì. Kérésì yìí, Iléṣà là ń lọ. Ìyá ọkọ mi ní ẹja inú yìnyín ló ń ṣe é, pé ẹja àrọ̀ ò lè ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní nǹkan kan, pé tí àwọn bá ń fi díẹ̀díẹ̀ tọ́ ọ wò, á mọ́ ọn lára. Kí ni mo fẹ́ ṣe tí kò fi ní di ìjà? Ṣé kí n yọ edé náà kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá ọmọ wa. Dublin lèmi wà, ọmọ tèmi náà ò gba ẹja, Iléṣà la sì máa ń gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ Mọ́mì yín kì í ṣe asán pátápátá. Títúùsì tó ti yọ́, tí wọ́n tún dá padà sínú yìnyín, lè kó ohun kan tí wọ́n ń pè ní histamine jọ, tí ara ẹni tó jẹ ẹ́ á pọ́n, tí á máa yún un. Ṣùgbọ́n májèlé nìyẹn, kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Tiyín, ọmọ nìkan ló mú, àyẹ̀wò sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí ara àwọn ọmọ wa ń bá jà ni èròjà kan nínú ẹran ẹja, parvalbumin. Ó wà nínú títúùsì, ó wà nínú ẹja àrọ̀, ẹ̀pìyà àti páńlá. Iná kì í pa á: ẹ dín in, ẹ yan án gbẹ, ó ṣì wà níbẹ̀. Fífi díẹ̀díẹ̀ tọ́ wò, àwọn dókítà ń ṣe irú ẹ̀ fún àwọn oúnjẹ kan lójú ara wọn, kì í ṣe nílé ìdáná. Ti ẹja kì í sì í sábà lọ bí ọmọ bá ń dàgbà, bí ti ẹyin tàbí mílíìkì ṣe ń lọ.

Edé kì í ṣe ẹja, ohun tó ń dààmú èèyàn nínú ẹ̀ yàtọ̀. Dókítà yín lè ní kó máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ra edé odidi ní ọjà Atakúmọ́sà, ẹ dà á sórí àtẹ, kí ẹ fọwọ́ tú u: ẹ ó rí ẹja wẹ́wẹ́ tó gbẹ láàárín ẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí, torí àwọ̀n tó kó edé ló kó òun náà. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ ńkọ́? Irú lásán la fi ń se tiwa níbẹ̀.

Ẹja tó wà lórí àwo kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ojú gbogbo ayé ló wà. Ẹ̀gúsí tí wọ́n ti ṣa ẹja inú ẹ̀ kúrò “kí ọmọ lè rí i jẹ” ni, dùndún inú òróró tí wọ́n ti fi dín ẹja, ṣíbí ìrobẹ̀ kan náà, àti epo ẹja tí àwọn ìyá àgbà ń rọ sọ́mọ lẹ́nu láàárọ̀ kí ọpọlọ lè pé.

Ní ti Mọ́mì, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ fi ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ fi fọ́tò ọjọ́ tí ojú rẹ̀ wú hàn wọ́n tí ẹ bá ní in, kí ẹ kúnlẹ̀: “Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé nínú ilé yìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan kan lẹ́yìn yín.” Ta ló fẹ́ bá ìyá àgbà Ìjẹ̀ṣà du ọmọ ọmọ? Màmá tèmi lé àbúrò tiwọn jáde nílé ìdáná nítorí pé ó fẹ́ fọwọ́ tó fi jẹ iyán ọlọ́bẹ̀ ẹja bọ ọmọ lẹ́nu! Ẹ ra ìkòkò kékeré fún un, kí wọ́n máa kọ́kọ́ se tirẹ̀ kí ẹja tó dé orí iná.

Abẹ́rẹ́ méjèèjì, inú báàgì tó ń bá ọmọ rìn ni kó wà, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Wọn kì í gbé e sínú fíríìjì, wọn kì í sì í fi í sínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Ẹ má retí pé ẹ máa rí i rà ní kẹ́mísì níbẹ̀. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ohùn rẹ̀ há, tàbí tó rọ jọwọlọ, ẹ gún un nítan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa sáré gbé epo pupa wá, wọ́n á ní májèlé ni. Ẹ má gbà. Piriton, oògùn ara yíyún, ò lè ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, àfi bí mímí bá ṣòro fún un, kí ẹ jẹ́ kó jókòó, kó na ẹsẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 5 bá kọjá tí kò yí padà, ẹ gún ìkejì. Bó ti wù kó rí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Iléṣà, ì báà ti máa ṣeré, torí àìsàn náà lè padà dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ ti mọ ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì wọn kí ọdún tó wọlé.

Mọ́ínmọ́ín rẹ̀, ẹyin àti kọ́ńbíìfù ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n má sè é pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ja. Bí ewé bá tú nínú ìkòkò, kò sẹ́ni tó máa mọ èwo ni tirẹ̀.