Ẹ Béèrè, A Fèsì: Fọ́tò Inú Gíláàsì àti Pósítà Sinimá Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tá a dàgbà sí Ìbàdàn nígbà tí ilé sinimá Scala àti Odeon ṣì ń ṣeré, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yé wa títí dòní. Ẹ rántí àwọn fọ́tò tí wọ́n máa ń tò sínú gíláàsì lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì? A máa ń wò ó títí ká tó mówó sílẹ̀. Ìgbà tá a bá wọlé tán, obìnrin tó wọ aṣọ pupa nínú fọ́tò á wọ búlúù nínú fíìmù, ibi tí áktọ̀ ti gbé ìbọn lórí òrùlé, a ò ní rí i títí iná á fi tàn. Ṣé wọ́n ń lù wá ní jìbìtì ni, àbí wọ́n ti gé fíìmù ọ̀hún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?
Bàbá àgbà kan, Òkè-Àdó

ÌDÁHÙN: Ẹ ǹlẹ́ sà. Ẹ̀sùn yín lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́tò yẹn ò wá látinú fíìmù fúnra ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ya sinimá lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, fótógíráfà kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń fi kámẹ́rà tiẹ̀ ya àwọn òṣèré lọ́tọ̀, nígbà míì á ní kí wọ́n dúró fóun kí wọ́n tún un ṣe, nígbà míì sì rèé, ibi tó yà yẹn, àwọn tó ń to fíìmù á gé e dànù tó bá yá, ṣùgbọ́n fọ́tò ti wà nílẹ̀, wọ́n á kúkú lò ó.

Ti aṣọ pupa yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Dúdú àti funfun lọ̀pọ̀ fọ́tò yẹn tẹ́lẹ̀, kódà tí fíìmù fúnra ẹ̀ bá ní kọ́lọ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń fi àwọ̀ sí i, ẹni tó ń kùn ún sì lè má tíì rí fíìmù náà sójú, tó bá ti wù ú kí aṣọ pupa, ó pupa nìyẹn! Ti Íńdíà ńkọ́, àwọn ayàwòrán Bombay máa ń fọwọ́ kun pósítà ni, ojú òṣèré á pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ.

Ínṣì 11 ní gíga, 14 ní ìbú, ni fọ́tò inú gíláàsì ti Amẹ́ríkà, mẹ́jọ ló sábà máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀tì kan. Pósítà ńlá tiwọn nígbà yẹn jẹ́ ínṣì 27 ní ìbú, 41 ní gíga, ó nàró, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fẹ́ èyí tó dùbúlẹ̀, 40 ní ìbú, 30 ní gíga.

Ti gígé tẹ́ ẹ sọ, ó wà lóòótọ́. Àwọn sẹ́ńsọ̀, ìyẹn àwọn tí ìjọba ní kó máa yẹ fíìmù wò, ń gé, fíìmù tó bá sì ti yí lọ yí bọ̀ á máa já, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ á gé ibi tó já, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ibẹ̀ lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bàbá, lójú tèmi, iwájú gíláàsì yẹn gan-an ni sinimá àwọn tí ò rówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó bá wo fọ́tò mẹ́jọ yẹn dáadáa, ó lè dé kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó máa sọ ìtàn fíìmù látìbẹ̀rẹ̀ dópin (irọ́ ni ṣá, ó kàn lè dùn ju fíìmù lọ ni). Ìgbà tí sinimá Yorùbá wá dé, bí Ogunde ṣe gbé Aiyé jáde ní 1979, àwọn onítíátà ń gbé fíìmù wọn kiri fúnra wọn, wọ́n á gba họ́ọ̀lù, ọkọ̀ tó gbé sípíkà lórí á máa polówó káàkiri àdúgbò, pósítà bá kúrò nínú gíláàsì, ó bọ́ sára ògiri àti òpó iná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, dádì mi tó ti dolóògbé bá ilé sinimá kan ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn níbí. A rí pósítà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ṣẹ́ gbogbo ẹ̀ po, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ti funfun. Ẹnì kan ní kí n fi àyọ́nù lọ̀ ọ́, kí n sì lọ lámínéètì ẹ̀, kí wọ́n fi rọ́bà bò ó. Kí n ṣe bẹ́ẹ̀?
Ọmọbìnrin kan, Bódìjà

ÌDÁHÙN: Àbúrò, rárá o! Má jẹ́ kí àyọ́nù débẹ̀. Dádì yín kọ́ ló bà á jẹ́, bí wọ́n ṣe ń kó pósítà Amẹ́ríkà jáde nìyẹn títí wọ ìgbà 1980, ṣíṣẹ́ po ni, kó lè wọ ènífílọ́ọ̀pù, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí ẹní. Àwọn tó ń ra pósítà àtijọ́ ò bínú sí ojú ṣíṣẹ́. Lámínéètì ni wọ́n máa bínú sí, torí tí rọ́bà yẹn bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣeé ṣí mọ́. Sẹ́lótéèpù náà, á pọ́n, á wọnú pépà.

Tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sáàárín pépà funfun tó mọ́, má jẹ́ kí òòrùn rí i, pupa àti yẹ́lò ló máa ń kọ́kọ́ ṣá. Gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, kó o wo àjà lókè ẹ̀ bóyá ó ń jò. Tó o bá fẹ́ fi í sí férémù, kí gíláàsì má fara kan pépà.

Tó o bá rí ti sinimá Yorùbá láàárín wọn, yà á sọ́tọ̀. Ara ògiri lọ̀pọ̀ ìyẹn parí sí, òjò ti fọ̀ wọ́n lọ.