BP Kẹ́mísìtì Àti BP Ilé: Èwo Ni Ká Gbà Gbọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá gun ọ̀kadà lọ yẹ BP wò ní kẹ́mísìtì kan ní Tákíè, 156/94 ló máa ń jẹ́. Ẹ̀rọ tí mo rà sílé ń sọ pé 128/82. Èwo ni òótọ́? Ṣé kí wọ́n dá oògùn dúró ni? (Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Kí Màmá má dá oògùn dúró rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ti ilé dára.

Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ méjèèjì má purọ́. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Yàrá ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba atẹ́gùn. Tapá òsì ló ń tì í kárí ara. Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí yàrá òsì yìí bá sún kì. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tó bá ń sinmi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó ń ná owó oògùn lọ́wọ́, tí wọ́n wá wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ lápá lórí ìdúró, mélòó la retí pé kó jẹ́?

Bó ṣe yẹ ká wọ̀n ọ́n nìyí. Kó tó ìdajì wákàtí sẹ́yìn tí wọ́n ti mu kọfí tàbí ṣe iṣẹ́ agbára. Kí wọ́n lọ tọ̀, nítorí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé BP sókè. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé ọ̀kan. Kí apá wà lórí tábìlì, kó ṣe déédéé àyà. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju ọkàn lọ, ìwúwo ẹ̀jẹ̀ nìkan á fi bíi 8 kún un. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀, títí kan ọmọ tó ń béèrè owó búrẹ́dì.

Ara apá ni kí aṣọ ẹ̀rọ wà, kì í ṣe orí bùbá, kí etí rẹ̀ fi ìka méjì jìnnà sí ìgúnpá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: aṣọ tó kéré máa ń mú kí BP ga ju bó ṣe wà lọ. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, kí ẹ wọn apá yí po ní agbede méjì èjìká àti ìgúnpá. Sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32 ni ọ̀pọ̀ aṣọ ẹ̀rọ wà fún. Bí apá bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra èyí tó tóbi.

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, fún ọjọ́ 7. Ẹ fi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ẹ ro ìyókù pọ̀ kí ẹ pín in. Bó bá tó 135/85 nílé, ó ti ga nìyẹn. 140/90 ni ààlà ti ọsibítù. Ẹ gbé ìwé náà àti ẹ̀rọ lọ bá dókítà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yín wé tiwọn. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá 180/120, tí àyà ń dùn wọ́n, tí èémí ń há, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan rọ, ẹ má dúró wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọsibítù ni.

ÌBÉÈRÈ: Ọyẹ́ dé, ikọ́ fée ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń fín ìnhélà aláwọ̀ búlúù sẹ́nu, kò ràn án. (Òǹkàwé, Awẹ́)

ÌDÁHÙN: Ahọ́n àti ọ̀fun ni oògùn náà ń lẹ̀ mọ́, kì í dé ẹ̀dọ̀fóró. Ike kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìnhélà (spéésà) kí oògùn lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò ike onímílílítà 500, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀, kó gba ẹnu ìnhélà gẹ́lẹ́, kí ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀. Ẹ mi ìnhélà, kí ọmọ fi ètè dì mọ́ ẹnu ìgò, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó rọra mí sínú mí síta nínú ìgò náà lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹ tó tún tẹ òmíràn. Bí ó bá tún ń fẹ́ ẹ kí wákàtí 4 tó pé, tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀ já geere, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.