Àpótí Ìbéèrè: Mímú Ìyá Ẹni Lọ Wẹ̀ ní Ilé Ìwẹ̀ Àtijọ́ ní Istanbul

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìtòkú níbí, mo sì máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ ra ọjà ní Laleli, ní ìlú Istanbul, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ìyá mi yóò bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan yìí nítorí pé wọ́n pé ọmọ ọdún 60, mo sì fẹ́ mú wọn lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní hamam. Mùsùlùmí ni wá, a kò sì fẹ́ ṣí ara sílẹ̀ níwájú ọkùnrin. Ìyá mi tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn sí i. Kí ni wọn yóò ṣe fún wa níbẹ̀, èwo ni kí a sanwó fún, èwo sì ni kí a fi sílẹ̀?
Oníṣòwò aṣọ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: A bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ọjọ́ orí tí ìyá yín pé. Wọn yóò pẹ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù tó wúwo jù kúrò nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ilé ìwẹ̀ àtijọ́ gidi, ọ̀tọ̀ ni tọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni tobìnrin. Çemberlitaş àti Cağaloğlu, méjì nínú àwọn ilé ìwẹ̀ yìí, ní apá méjì. Kılıç Ali Paşa, ilé ìwẹ̀ mìíràn, ní apá kan ṣoṣo, nítorí náà àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ń lò ó láti òwúrọ̀, kí ó tó kan àwọn ọkùnrin ní ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní natır ni yóò wẹ̀ fún yín. Wọn yóò fún yín ní peştemal, aṣọ òwú fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó ró láti àyà, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ẹ bọ́ pátá yín. Bí ẹ bá fẹ́ wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ lè wọ̀ ọ́. Ibi tí ẹ ti ní láti ṣọ́ra ni àwọn ilé kan tó jẹ́ pé àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n dìídì ń gbà, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti lè jọ wà nínú iyàrá kan náà. Ẹ bi wọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Çemberlitaş ni yóò wù mí fún yín. Ibùdókọ̀ méjì péré ni ọkọ̀ ojú irin ìgboro fi jìnnà láti Laleli débẹ̀. Nurbanu Sultan, ìyá Sultan Murad Kẹta, ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1584, Mimar Sinan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ayàwòrán-ilé nígbà náà ló sì ya àwòrán rẹ̀. Ilé tí ìyá ọba kọ́ yẹ ìyá yín. Cağaloğlu kéré sí i lọ́jọ́ orí, ọdún 1741 ni, lásìkò Sultan Mahmud Kìn-ín-ní, owó tí wọ́n sì ń pa níbẹ̀ nígbà náà ni wọ́n fi ń tọ́jú ilé ìkàwé tí ọba náà dá sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí Ayasofya. Nítorí pé ilé àtijọ́ kì í yé gba àtúnṣe, ẹ rí i dájú pé èyí tí ẹ yàn ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó gbéra ní Abẹ́òkúta.

Iyàrá mẹ́ta ni ẹ ó là kọjá: èkíní tútù, níbi tí ẹ ó ti bọ́ aṣọ, èkejì lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kẹta gbóná, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ní àárín rẹ̀ ni göbek taşı wà, pèpéle òkúta mábù ńlá tí iná ń mú gbóná láti abẹ́ ilẹ̀, lábẹ́ òrùlé rìbìtì tí wọ́n lu ihò kéékèèké sí tí wọ́n sì fi gíláàsì dí kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ó dùbúlẹ̀ lé e, ẹ ó sì dúró. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í fẹ́ dúró. Wọ́n á máa wo aago, wọ́n á fẹ́ kí natır tètè dé. Ṣùgbọ́n bí ara kò bá tíì làágùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, awọ kò ní rọ̀, ìhara náà kò sì ní mú nǹkan kan kúrò ju kí ó ta yín lára lọ. Ooru ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ natır kàn ń parí rẹ̀ ni. Ẹni tó bá sá wọlé kí ó tó padà sí ọjà kàn sanwó wo ilé ni, nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pa ọjọ́ ìwẹ̀ pọ̀ mọ́ ọjọ́ ọjà.

Kese ni ìbọ̀wọ́ aṣọ líle tí natır yóò fi ha yín lára. Iṣẹ́ kànìnkànìn wa ló ń ṣe, àmọ́ wọn kì í kọ́kọ́ fi ọṣẹ sí i. Yóò di ọrùn ọwọ́ yín mú, yóò na apá yín, yóò sì fa kese láti èjìká wá sílẹ̀, ní fífà gígùn tí kò kánjú. Ẹ ó rí awọ tó ti kú tí yóò máa ká jọ bí òwú tó já lára aṣọ. Kí ojú má ṣe tì yín. Ara ẹni tó ń wẹ̀ lójoojúmọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò bu omi dà lé yín láti inú kurna, ọpọ́n mábù tó wà lẹ́bàá ògiri tí omi ń ṣàn sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bọ inú omi ọṣẹ, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún un, yóò sì fún un títí ìfófòó funfun yóò fi bò yín láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

Kese àti ìfófòó yìí ni kí ẹ sanwó fún. Wọn yóò fi ìfọwọ́ra pẹ̀lú òróró, amọ̀ ojú àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn lọ̀ yín. N kò rí èyí tó pọn dandan nínú wọn. Ẹ tọ́jú owó díẹ̀ tí ẹ ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ natır, nítorí àṣà ibẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ooru a máa mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì lọ sílẹ̀. Bí oògùn tí màmá ń lò bá tún ń fà á sílẹ̀, òòyì lè kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde lójijì lórí mábù tó ń yọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà wọn níbí, kí wọ́n má sì tìtorí ìwẹ̀ fi oògùn sílẹ̀. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n dùbúlẹ̀ sí etí pèpéle níbi tí kò ti gbóná tó àárín, kí wọ́n sì jókòó díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Bí orí bá ń fò wọ́n tàbí àyà ń já wọn, ẹ mú wọn jáde sí iyàrá tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, tí n kò lè fi sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lo ìpara abóra, kí ó má ṣe jẹ́ kí kese kan òun lára. Púpọ̀ nínú ìpara wọ̀nyí ní èròjà tó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, awọ dúdú tí a bá sì ha bó a máa fi àpá dúdú sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí ọwọ́ natır bá le jù, ẹ sọ fún un pé “yavaş”. Yóò mọ̀ pé jẹ́jẹ́ ni ẹ ń fẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, èmi kò ní owó Tọ́kì. Ṣé a kò lè ṣe irú ìwẹ̀ yìí nílé?
Òǹkàwé, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná tí ara gbà rẹ ara yín títí awọ yóò fi rọ̀, ẹ fi kànìnkànìn rírọ̀ àti ọṣẹ dúdú fọ ara pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì fi òrí pa ara kí omi tó gbẹ tán. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé àdògán èédú wọ inú balùwẹ̀ kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn, nítorí kí iyàrá lè móoru. Èédú tó ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró tí kì í rùn jáde, ènìyàn sì lè sùn lọ nínú rẹ̀ kí ó má jí mọ́. Omi ni kí ẹ sè níta, kí ẹ sì gbé e wọlé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.